Bí A Ṣe Ń Dá Ẹbí Òfió Mọ̀ Láàárín Koríko: Láti Ọ̀pá Dé Hóró

Àgbẹ̀ lè ra oògùn tó ń pa koríko nìkan, irú fluazifop, kó fọ́n ọn sí oko ẹ̀wà tí dáńdá ti bò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, eéran àti gbẹ́gi á ti pọ́n, wọ́n á ti rọ, àmọ́ dáńdá á ṣì tutù yọ̀yọ̀ lórí ilẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe oògùn náà. Dáńdá kì í ṣe koríko. Ó jọ koríko lójú ni, ẹbí rẹ̀ yàtọ̀, oògùn tó ń pa ẹbí koríko kò sì ràn án.

Cyperaceae ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ẹbí yìí. Irú tó wà nínú rẹ̀ lé ní 5,000 káàkiri ayé. Yorùbá kò ní orúkọ kan tó kó gbogbo wọn pọ̀, ṣùgbọ́n a mọ àwọn kan nínú wọn dáadáa: òfió, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìmumu, tí à ń jẹ, làbẹ́làbẹ́ tó ń ya ni lẹ́sẹ̀ nínú àbàtà, àti dáńdá tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ta sánsán. Níbí yìí, ẹbí òfió la ó máa pè wọ́n. Orúkọ ilé nìkan kò tó láti fi dá wọn mọ̀, torí làbẹ́làbẹ́ ni wọ́n ń pe Scleria, òun náà ni wọ́n ń pe Rhynchospora, ewéko méjì tí hóró wọn kò jọra rárá. Orúkọ dáńdá pàápàá ti sọdá òkun: ní Bahia, ní Brasil, dandá-da-costa ni wọ́n ń pe gbòǹgbò olóòórùn ẹbí yìí tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Ewé kì í sọ irú ẹni tí ewéko yìí jẹ́. Ọ̀pá ló máa sọ ẹbí, hóró àti ohun tó wà nínú ilẹ̀ ló máa sọ orúkọ. Ẹni tó bá já ewé nìkan wálé ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóko.

Ohun èlò àti àsìkò

Ẹ wá awò amúǹkan-tóbi kékeré tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10, èyí tí àwọn oníwúrà máa ń lò. Ẹ mú bíléèdì tuntun kan, abẹ́rẹ́, rúlà tó ní ìwọ̀n mìlímítà, àwo funfun pẹrẹsẹ, àdá tàbí ṣọ́bìrì kékeré, ìwé ìròyìn àtijọ́, àti ìwé àkọsílẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù. Bíírò máa ń ṣàn bí omi bá kàn án, pẹ́ńsù kì í ṣàn. Bó bá jẹ́ àbàtà lẹ ń lọ, ẹ wọ bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́, torí etí ewé Scleria ní eyín wínníwínní bí ayùn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, oṣù Kẹfà sí oṣù Kọkànlá ló dára jù, nígbà tí òjò ti mú wọn yọ orí, tí hóró sì ti ń gbó. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé hóró ti gbó ni pé, bí ẹ bá fi ìka ra orí òdòdó lórí àwo funfun, nǹkan kékeré líle á dà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyàngbò nìkan ló dà, ẹ wá òmíràn tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti fi èyí tí kò tíì yọ orí pe orúkọ kankan.

Ẹ yí ọ̀pá rẹ̀ láàárín ìka

Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e mú ọ̀pá tó gbé òdòdó dúró, kí ẹ sì yí i. Ọ̀pá ẹbí òfió kì í fẹ́ yí geere, á máa kọ́ ìka yín ní igun mẹ́ta. Ẹ wá fi bíléèdì gé e lágbede méjì. Ojú tí ẹ gé á jẹ́ onígun mẹ́ta, inú rẹ̀ á sì kún fún ohun rírọ̀ funfun. Ẹ fi ìka wọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè: kò sí oríkèé, ó ń dán lọ títí ó fi kan òdòdó. Koríko ní tirẹ̀ máa ń rí róbótó tàbí pẹlẹbẹ díẹ̀, ó ní oríkèé bí oparun, àárín oríkèé méjì sì sábà máa ń ṣófo.

Ìlànà yìí máa ń gbè wá níbi púpọ̀, àmọ́ àwọn tó yapa sí i wà, wọ́n sì wọ́pọ̀ lágbègbè wa. Cyperus articulatus, tó ń hù létí odò, ní ọ̀pá róbótó, kò sì ní ewé kan tó ṣeé tọ́ka sí. Bí ẹ bá fi ìka tẹ ọ̀pá náà wọ́ lọ, ẹ ó gbọ́ pé ó ń dún kẹ́kẹ́: àwọn ìdábùú wà nínú rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ìyẹn kì í ṣe oríkèé, torí ewé kì í yọ níbẹ̀. Eleocharis náà máa ń róbótó, àkọ̀ nìkan ló ní nísàlẹ̀, ṣírí kan ṣoṣo, ìyẹn ìdì òdòdó kékeré tí ìpẹ́ bò, ló sì máa ń wà ní téńté orí rẹ̀. Èyí tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù ni Fuirena umbellata, nítorí igun márùn-ún ni ọ̀pá rẹ̀ ní, ó ní oríkèé, ewé sì ń yọ lára ọ̀pá náà bíi ti koríko. Ọmọ ẹbí òfió ni síbẹ̀. Ìpẹ́ òdòdó rẹ̀ ló ń jẹ́rìí. Lọ́dọ̀ koríko náà, àgbàdo àti ìrèké kò ṣófo nínú. Ìdí nìyí tí a kì í fi àmì kan ṣoṣo dájọ́.

Ewé àti àkọ̀ rẹ̀

Ẹ dúró lókè ewéko náà, kí ẹ wò ó láti orí wá sísàlẹ̀. Ewé koríko máa ń jáde sí apá méjì, ọ̀tún àti òsì. Ti ẹbí òfió ń jáde sí apá mẹ́ta, bí ẹsẹ̀ àdògán. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àkọ̀, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ ewé tó gba ọ̀pá mọ́ra. Ẹ fi abẹ́rẹ́ wá ibi tó ti là. Àkọ̀ koríko sábà máa ń là láti òkè dé ìsàlẹ̀, etí kan á gun orí èkejì. Àkọ̀ ẹbí òfió kò là: ó yí ọ̀pá ká bí apá aṣọ, bí ẹ bá sì fẹ́ bọ́ ọ, àfi kó fà ya. Ibi tí àkọ̀ ti pàdé ewé, koríko máa ń ní awọ fẹ́lẹ́ tàbí irun wínníwínní tó dúró. Ẹbí òfió kì í sábà ní in.

Fimbristylis littoralis, tó kún oko ìrẹsì, máa ń tan ni níbí. Ewé rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì tò bí abẹ̀bẹ̀ sí apá méjì, débi tí ẹni tó ń ka ewé nìkan á fi pè é ní koríko.

Ẹ hú u, ẹ má fà á

Bí ẹ bá fa ẹbí òfió tu, gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì ni yóò já sínú ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ jìn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ gbé odindi rẹ̀ jáde, kí ẹ sì fi omi ṣan iyanrìn kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: ṣé gbòǹgbò tíntìntín nìkan ló ní? Ṣé okùn abẹ́ ilẹ̀ so ó mọ́ òmíràn? Ṣé kókó wà lára okùn náà, tí ó bá sì wà, ṣé orí ìparí okùn ló wà tàbí ó tò lọ bí ìlẹ̀kẹ̀? Ṣé ó ń ta sánsán bí ẹ bá gé e?

Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òórùn á ti lọ tí ewéko náà bá gbẹ.

Ìpẹ́: ibi tí ẹ ó ti lo àkókò jù

Lábẹ́ orí òdòdó, ewé kan tàbí púpọ̀ máa ń tẹ́ síta. Ẹ kà wọ́n, kí ẹ fi rúlà wọ̀n wọ́n, kí ẹ sì kọ bóyá wọ́n gùn ju orí òdòdó náà lọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ṣírí kékeré kan. Ara rẹ̀ kún fún ìpẹ́ tó gun ara wọn lórí bí ìpẹ́ ẹja. Òdòdó ẹbí òfió kọ̀ọ̀kan ń gbé lábẹ́ ìpẹ́ kan ṣoṣo. Ti koríko máa ń wà láàárín ìpẹ́ méjì tó dojú kọra. Àmì yìí kì í tan ni bíi ti ọ̀pá. Ó tọ́ kí ẹ fi sùúrù kọ́ ọ. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ṣí ìpẹ́ láti ìsàlẹ̀ ṣírí lọ sókè, torí àwọn ti ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbó. Bí ṣírí náà bá ti gbẹ, ẹ rẹ ẹ sínú omi gbígbóná tí ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á rọ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: báwo ni ìpẹ́ ṣe tò? Bó bá tò sí apá méjì, tí ṣírí náà pẹlẹbẹ bí irun tí a dì, ẹ wà lọ́dọ̀ Cyperus àti àwọn ìbátan rẹ̀. Bó bá yí ká bí ara ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tí ṣírí náà sì róbótó, ẹ lọ wo ọ̀dọ̀ Fimbristylis, Bulbostylis, Eleocharis tàbí Fuirena.

Ìbéèrè kejì: ẹ̀ka mélòó ni fọ́nrán abo òdòdó ní, méjì tàbí mẹ́ta? Ẹ ṣọ́ra, kí ẹ má ka ti akọ mọ́ ọn. Fọ́nrán akọ máa ń ní orí gígùn aláwọ̀ ìyeyè tó ru lẹ́búlẹ́bú; ti abo kò ní orí, irun tíntìntín ló wà lára rẹ̀. Bí fọ́nrán bá ti já dànù, hóró á dáhùn fún un: ẹ̀ka mẹ́ta máa ń bí hóró onígun mẹ́ta, ẹ̀ka méjì máa ń bí hóró pẹlẹbẹ tó wú lójú méjèèjì bí ẹ̀wà kékeré.

Ìbéèrè kẹta: kí ló wà lórí hóró náà? Bí fìlà kékeré bá jókòó lé e, tí kò sì bọ́, Eleocharis tàbí Bulbostylis ni. Ti Bulbostylis kéré bí orí abẹ́rẹ́, irun funfun gígùn sì máa ń wà ní ẹnu àkọ̀ ewé rẹ̀; orí ilẹ̀ gbígbẹ ọ̀dàn àti orí àpáta ló fẹ́ràn. Ní Fimbristylis, ìdí fọ́nrán wú, àmọ́ ó ń bọ́ lọ pẹ̀lú fọ́nrán, ó sì ń fi orí hóró sílẹ̀ ní òfìfo. Rhynchospora corymbosa ní ẹnu ṣóńṣó gígùn bíi ti ẹyẹ, irun líle sì yí ìdí hóró rẹ̀ ká. Scleria ló rọrùn jù nínú gbogbo wọn, torí hóró rẹ̀ le bí egungun, ó funfun, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ ó rí i láìlo awò.

Nínú ilé Cyperus

Láàárín àwọn tí ìpẹ́ wọn tò sí apá méjì, iṣẹ́ kù. Bí ṣírí púpọ̀ bá kó ara wọn jọ di orí kan bí bọ́tìnì, tí wọ́n kúrú gan-an, tí odindi ṣírí sì ń já lẹ́ẹ̀kan náà tí hóró bá gbó, Kyllinga ni. Fọ́nrán rẹ̀ pín sí méjì. Kyllinga erecta ní okùn abẹ́ ilẹ̀ tí ìpẹ́ pupa rúsúrúsú bò, ó sì ń ta sánsán. Kyllinga pumila kò ní okùn, ìdì kan ló ń hù. Bí fọ́nrán bá pín sí méjì, tí ṣírí sì gùn, tí etí hóró sì kọjú sí ọ̀pá àárín ṣírí, Pycreus ni. Bó bá jẹ́ pé odindi ṣírí ló ń já, àmọ́ tí fọ́nrán pín sí mẹ́ta, Mariscus ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀.

Mo ní “tẹ́lẹ̀” nítorí àyẹ̀wò àbùdá ìran ti jẹ́ kí àwọn onímọ̀ kó Kyllinga, Pycreus àti Mariscus padà sínú Cyperus. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Kyllinga erecta níbì kan àti Cyperus erectus níbòmíràn, ewéko kan náà ni. Síbẹ̀, orúkọ àtijọ́ wúlò fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, torí ó ń rán an létí ohun tí ó yẹ kí ojú rẹ̀ wá.

Òfió, dáńdá, àti àwọn tó ń jọ wọ́n

Àwọn méjì tí wọ́n máa ń ṣì mú jù nìyí. Òfió ni Cyperus esculentus: ewé rẹ̀ tutù, àwọ̀ rẹ̀ fò díẹ̀ sí ìyeyè, orí ewé náà ń tín lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí bí abẹ́rẹ́. Ìpẹ́ òdòdó rẹ̀ pọ́n bí koríko gbígbẹ tàbí bí wúrà. Nínú ilẹ̀, kókó kan ṣoṣo ló wà ní ìparí okùn kọ̀ọ̀kan. Ó róbótó, ara rẹ̀ dán tó bá dàgbà, ó sì dùn lẹ́nu.

Dáńdá tó ń yọ oko lẹ́nu ni Cyperus rotundus. Ewé rẹ̀ dúdú díẹ̀, orí rẹ̀ tín lójijì. Ìpẹ́ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú tàbí bí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ, ṣírí rẹ̀ sì sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 3. Kókó rẹ̀ kò wà ní ìparí nìkan. Okùn kan lè so mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ara kókó náà dúdú, ó ní irun, ó korò, ó sì ń ta sánsán. Bí àwọ̀ ìpẹ́ bá ń rú yín lójú, ẹ gbẹ́ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Àwọn méjèèjì kì í sábà so hóró tó dára, nítorí náà kókó ni ká wò lára wọn ju hóró lọ. Ẹ má ṣe tọ́ kókó wò níbi tí wọ́n ti fọ́n oògùn.

Nínú oko ìrẹsì, Cyperus iria ni wọ́n máa ń ṣì pè ní òfió. Kò ní kókó kankan. Gbòǹgbò tíntìntín aláwọ̀ pupa tó fò sí ìyeyè ló ní, ọdún kan ló ń lò, ìpẹ́ rẹ̀ róbótó lórí, wọ́n sì fẹ̀ síra bí hóró bá gbó. Cyperus difformis wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: àwọn ṣírí rẹ̀ kéré, wọ́n sì kún ara wọn di bọ́ọ̀lù tí ìbú rẹ̀ tó mìlímítà 5 sí 15.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Bó bá jẹ́ pé fọ́tò lẹ fẹ́ fi béèrè, ẹ ya mẹ́rin ó kéré tán: odindi ewéko, ojú ọ̀pá tí ẹ gé, gbòǹgbò tí ẹ ti fọ̀, àti ṣírí tí ẹ tẹ́ sórí àwo pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láìsí rúlà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá mìlímítà 3 ni tàbí 30.

Àṣìṣe kejì ni kí èèyàn mú ewéko kan ṣoṣo. Èyí tó hù lábẹ́ ibòji máa ń ga, àwọ̀ ìpẹ́ rẹ̀ sì máa ń ṣá. Ẹ wo márùn-ún tàbí mẹ́fà níbì kan náà. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò bóyá irú méjì ló wọnú ara wọn, torí òfió àti dáńdá lè hù sínú ebè kan. Bí ẹ bá sì rí òdòdó tó ní awẹ́ aláwọ̀ tó ń fani mọ́ra, irú Xyris tó ń yọ awẹ́ mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè nínú àbàtà, ẹ ti jáde nínú ẹbí yìí.

Títẹ̀ ẹ́ gbẹ fún ẹ̀rí

Irú tó bá ṣòro, ẹ tẹ̀ ẹ́ gbẹ kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú ewéko gbígbẹ. Èyí tó wà ní Ibàdàn, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, ni àwọn onímọ̀ ń kọ ní FHI (Forest Herbarium Ibadan). Yunifásítì Ibàdàn àti ti Ilé-Ifẹ̀ náà ní tiwọn.

Ẹ tẹ́ odindi ewéko, pẹ̀lú gbòǹgbò, sáàárín ìwé ìròyìn. Bó bá gùn ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má gé e. Ẹ la kókó sí méjì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, nítorí odindi kókó á hù nínú ìwé tàbí kó bu. Ẹ gbé pákó àti òkúta wúwo lé e, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́. Hóró tó bá dà, ẹ kó o sínú àpòòwé kékeré, ẹ má dà á nù. Lórí ìwé àkọlé, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i, ọjọ́, bí ilẹ̀ ṣe rí, gíga rẹ̀, àwọ̀ ìpẹ́ nígbà tó tutù, òórùn gbòǹgbò, àti ohun tí wọ́n ń pè é lágbègbè náà. Ẹ tẹ méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀kan lè kù sọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn tí ẹ bá mọ orúkọ rẹ̀ lóko

Bó bá jẹ́ dáńdá, ọkọ́ nìkan á sọ ọ́ di púpọ̀. Kókó tó wà ní ṣóńṣó okùn ló máa ń dá àwọn yòókù dúró. Bí ọkọ́ bá gé okùn náà, àwọn tó ti ń sùn á jí, kálukú á sì hù. Púpọ̀ nínú kókó wọ̀nyí wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 15 òkè ilẹ̀, nítorí náà, ẹ yí ilẹ̀ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí oòrùn lè yan wọ́n gbẹ. Dáńdá kò fẹ́ ibòji. Irúgbìn tó bá tètè bo ilẹ̀ á fún un pa. Glyphosate, oògùn tó ń pa koríko àti ewéko yòókù, máa ń wọ inú kókó tó bá ní ewé tútù lórí, kò lè dé ọ̀dọ̀ èyí tó ń sùn. Kí ẹ tó gbin nǹkan ni kí ẹ fọ́n ọn, bí ìwé ara ìgò ṣe wí, kí ẹ sì padà lọ wo ilẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí àwọn mìíràn á ti yọrí.

Bó bá jẹ́ Cyperus iria tàbí difformis, ẹ má wulẹ̀ da owó sórí oògùn kókó. Hóró nìkan ni wọ́n fi ń bí sí i. Ẹ fà wọ́n tu tàbí kí ẹ ro wọ́n kí ìpẹ́ tó pọ́n, kí ẹ sì kó èyí tó ti yọ orí jáde kúrò nínú oko, torí hóró lè gbó lórí èyí tí ẹ ti fà sílẹ̀.